Ewé Kan Tí A Yà Kúrò Nínú Ìwé Àdúrà

Nígbà tí ìmúrasílẹ̀ ayẹyẹ ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà kan dé ọwọ́ wa láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ yìí tí ó fi Ìlú Ọba ṣe ibùgbé. Ó fi àwòrán ewé ìwé kan sínú rẹ̀. Ewé náà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Awọ ni a fi ṣe é, kì í ṣe bébà. Èdè Látìnì ni a fi ọwọ́ kọ sí i. A fi wúrà àti àwọ̀ búlúù ṣe àwọn lẹ́tà ńlá rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ìtàkùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé rẹ̀ jẹ́ wúrà sì fà yí etí rẹ̀ ká. Oníṣòwò ìwé àtijọ́ kan ni ó ń tà á. Ìbéèrè tí arákùnrin wa bi wá ni pé, ǹjẹ́ kò ní dára kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde dá owó jọ, kí a rà á, kí a fi dígí bò ó, kí a sì gbé e kọ́ sí yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa, kí àwọn ọmọ lè fi ojú ara wọn rí bí àwọn Kristẹni ayé àtijọ́ ṣe ń gbàdúrà?

Inú rere ni ìbéèrè náà ti wá, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ẹ̀kọ́ Bíbélì àti Ìtàn ti jókòó ti àwòrán náà, tí a ń tú Látìnì rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, a rí i pé kì í ṣe ohun tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn lójú kan náà. Ó gba kí a kọ́kọ́ mọ irú ìwé tí ewé yìí ti inú rẹ̀ wá, bí a ti ṣe é, irú ẹni tí ó ń kà á, àti bí ó ti ṣe di ewé kan ṣoṣo. Ohun tí a rí kọ́ ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde wa sọ.

Ìwé Wákàtí ni orúkọ irú ìwé náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn mọ́ńkì inú Ìjọ ti ń pín ọ̀sán àti òru sí wákàtí àdúrà mẹ́jọ: Matins ní òru, Lauds ní àfẹ̀mọ́júmọ́, Prime, Terce, Sext àti None ní ojú ọjọ́, Vespers ní ìrọ̀lẹ́, àti Compline kí wọ́n tó sùn. Wọ́n a máa ka gbogbo Sáàmù 150 tán láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tí kì í ṣe mọ́ńkì rí èyí, ó sì wù wọ́n, àwọn ọlọ́jà, àwọn amòfin, àwọn abilékọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pa ọjà tì ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Nítorí náà ni a ṣe ṣètò ìwé kékeré kan fún wọn, tí ó kó díẹ̀ nínú àwọn Sáàmù, ẹ̀kọ́ kíkà àti orin jọ fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ní ọlá Màríà ìyá Olúwa wa. Láàrin nǹkan bí ọdún 1250 sí 1550, kò sí ìwé mìíràn tí ó wọ ilé àwọn tí kì í ṣe àlùfáà ní ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù tó ìwé yìí.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òbí wà nínú ìjọ tí kì í gbàdúrà sí Màríà, a kò sì kọ èyí láti yí ọkàn ẹnikẹ́ni padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí Ìwé Wákàtí yóò bá ohun tí ó ti mọ̀ pàdé. Sáàmù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn Sáàmù ìrònúpìwàdà méje, tí Sáàmù 51 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wà níbẹ̀. Lítánì tẹ̀ lé wọn. Àdúrà fún àwọn tí ó ti sùn nínú Olúwa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, inú ìwé Jóòbù sì ni ẹ̀kọ́ kíkà rẹ̀ ti wá.

Níbi tí wákàtí kọ̀ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀ ni a máa ń ya àwòrán sí, ètò àwọn àwòrán náà kì í sì í yí padà púpọ̀. Gébúrẹ́lì ń kí Màríà ní Matins. Màríà àti Èlísábẹ́tì pàdé ní Lauds. A bí Jésù ní Prime. Àwọn olùṣọ́ àgùntàn gbọ́ ìròyìn ayọ̀ ní Terce. Àwọn amòye mú ẹ̀bùn wá ní Sext. A gbé ọmọ náà lọ sí tẹ́ḿpìlì ní None. Jósẹ́fù kó wọn sá lọ sí Éjíbítì ní Vespers. Ti Compline sábà máa ń jẹ́ Màríà tí a ń dé ní adé ní ọ̀run. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ Látìnì dáadáa lè bá ìtàn ìbí Olúwa rìn láti òru dé ìrọ̀lẹ́.

Kò sí àwòrán lórí ewé tí a fi hàn wá. Bóyá ewé tí ó ṣáájú rẹ̀ ni àwòrán wà, bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òun ni ọ̀bẹ kọ́kọ́ kàn, nítorí ewé alàwòrán ni ó ń mú owó wọlé jù. Ohun tí ó wà lórí ewé yìí ni ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí a fi tàdáwà pupa kọ, tí ó ń sọ fún òǹkàwé pé Vespers ni a wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ Sáàmù 70, tí a fi ń ṣí àdúrà wákàtí. Lẹ́yìn ìyẹn ni Sáàmù 122. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé níhìn-ín mọ Sáàmù náà. Òun ni a ń kà ní ìsìn ìdúpẹ́ ọjọ́ ìdásílẹ̀, nítorí pé ó sọ̀rọ̀ nípa ìdùnnú ẹni tí a pè wá sí ilé Olúwa. Oníṣòwò náà sọ pé Paris ni a ti kọ ewé yìí, ní nǹkan bí ọdún 1430. Ó yà wá lẹ́nu, kí a má purọ́, láti bá Sáàmù tiwa pàdé nínú ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tí ó ti kú tipẹ́tipẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sáàmù náà kò parí. Ní ìsàlẹ̀ ojú kejì ewé náà, ó dúró sí àárín ẹsẹ 7. Akọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àlàáfíà fún Jerúsálẹ́mù. Ìyókù gbólóhùn náà wà lórí ewé tí ó tẹ̀ lé e, ewé yẹn kò sì sí nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò náà.

Ní iwájú Ìwé Wákàtí ni kàlẹ́ńdà máa ń wà, oṣù méjìlá pẹ̀lú orúkọ àwọn ẹni mímọ́ tí a ń rántí ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Tàdáwà dúdú ni a fi ń kọ ọjọ́ lásán. Pupa tàbí wúrà ni ti ọjọ́ ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹni mímọ́ tí ó ń gbé ga ju ti ìlú mìíràn lọ. Bí wọ́n bá rí Geneviève tí a fi wúrà kọ ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní, ọkàn wọn yóò lọ sí Paris, nítorí òun ni alábòójútó ìlú náà. Ewé tí a yà kúrò lára kàlẹ́ńdà rẹ̀ dà bí ọmọ tí a kò ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ fún rí: ó lẹ́wà, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ni ó ti ń gbọ́ ibi tí ó ti wá. Ní ti ewé tí a ń sọ yìí, ẹ̀rí kékeré kan ni ó ti ọ̀rọ̀ oníṣòwò náà lẹ́yìn: Ìwé Wákàtí ti Róòmù a máa fi Sáàmù 110 bẹ̀rẹ̀ Vespers, èyí sì fi 122 bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ti Paris. Ìyókù, a kàn gbà á gbọ́ ni.

Ojú ewé tí ó bá ṣófo nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kún. Àwọn ìdílé a máa kọ ọjọ́ ìbí ọmọ, ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ikú síbẹ̀, wọ́n a sì máa fi ìwé náà lé ọmọ lọ́wọ́ láti ìran dé ìran. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Mélòó nínú yín ni ó mọ ọjọ́ ìbí bàbá yín àgbà nítorí pé ẹnìkan fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ sí ẹ̀yìn Bíbélì ilé? Ìwé orúkọ àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ yìí náà rí bẹ́ẹ̀: orúkọ ọmọ, orúkọ bàbá, iṣẹ́ bàbá, ìlú, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ mìíràn, ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí ọ̀gá àgbà ìgbà náà fi tàdáwà pupa kọ.

Ó tún kan ilé ẹ̀kọ́ lọ́nà mìíràn. Ìwé Wákàtí ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi kọ́ ìwé kíkà. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Primer ni wọ́n ń pè é, orúkọ yẹn kan náà ni a sì fi ń pe ìwé ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọdé títí di òní. Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fitzwilliam ní Cambridge, ìwé kékeré kan wà tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 1505 fún Claude, ọmọbìnrin Anne ayaba Faransé, nígbà tí ọmọ náà kò tíì ju nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. A, B, C ni ó ṣáájú nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Àdúrà Olúwa. Ọmọ náà dàgbà, òun pẹ̀lú sì di ayaba Faransé.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ti ṣe ewé náà, nítorí níbí ni àwọn ọmọ kíláàsì wa ti bi wá ní ìbéèrè jù. Awọ ọmọ màlúù, ti àgùntàn tàbí ti ewúrẹ́ ni. A kò ṣe é bí a ti ń ṣe awọ bàtà. Ó sún mọ́ awọ ojú ìlù ju bẹ́ẹ̀ lọ. A rẹ ẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ sínú omi ẹfun tí ó lè bó ni lára, kí irun lè tú. A fi ọ̀bẹ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí oṣù tuntun fá a. A fi okùn fà á le mọ́ férémù onígi, a sì ń fá a lọ bí ó ti ń gbẹ, títí ó fi fẹ́lẹ́ tí ó sì funfun. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ojú kan pọ́n díẹ̀ ju èkejì lọ, àmì ihò irun sì wà lára rẹ̀ bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Ibi irun nìyẹn. Ojú kejì ni ibi ẹran. Àwọn tí ń di ìwé a máa to àwọn ewé kí ibi irun lè dojú kọ ibi irun, kí ibi ẹran sì dojú kọ ibi ẹran, kí ojú ewé méjì tí ó ṣí sílẹ̀ lè bára mu. Nínú àwòrán tí a fi ránṣẹ́ sí wa, a rí àwọn ihò irun náà kedere ní igun òkè. Ọmọ kan ní Kíláàsì Kejì ni ó kọ́kọ́ rí wọn; onílù ni bàbá rẹ̀.

A fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ sí awọ náà kí ọ̀rọ̀ má bàa wọ́. Akọ̀wé mú kálámù tí a gbẹ́ láti ara ìyẹ́ ẹyẹ lọ́wọ́ kan, ó mú ọ̀bẹ kékeré lọ́wọ́ kejì, èyí tí ó fi ń tẹ awọ mọ́lẹ̀ tí ó sì fi ń fá àṣìṣe kúrò. Inú kókó tí kòkòrò máa ń mú kí ó hù sára igi óákù ni a ti ń rí tàdáwà dúdú: a gún kókó náà, a rẹ ẹ́, a pò ó mọ́ iyọ̀ irin àti oje igi tí yóò mú un lẹ̀. Ohun tí a bá fi í kọ máa ń jẹ awọ wọlé díẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣí lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan.

Wúrà ni ó ń ṣáájú àwọn àwọ̀ yòókù, nítorí pé dídán tí a ń dán an lè ba ohun tí a ti kùn jẹ́. Oníṣẹ́ a kọ́kọ́ fi ẹfun tí ó pò mọ́ àtè, àti nígbà mìíràn oyin díẹ̀, ṣe ìrọ̀rí kékeré sí ibi tí wúrà yóò wà, kí ibẹ̀ lè ga ju ara awọ lọ. Yóò mí sí i, kí èémí ẹnu rẹ̀ lè mú kí ó rọ̀. Yóò fi wúrà tí a ti lù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Yóò sì fi eyín ajá tàbí òkúta tí ó jọ̀lọ̀ ra á títí yóò fi máa kọ mànà. Nítorí náà, bí a bá gbé ewé náà sí iwájú fìtílà tí a sì yí i díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ a máa rìn lórí rẹ̀. Ojúlówó wúrà ni. Ọ̀rọ̀ Látìnì tí a fi ń pe irú ọ̀ṣọ́ yìí túmọ̀ sí fífi ìmọ́lẹ̀ sí nǹkan.

Búlúù tí ó dára jù ti ọ̀nà jíjìn wá. Òkúta kan tí ń jẹ́ lapis lazuli ni a ń wà ní àwọn òkè Badakhshan ní Afghanistan. Ó kọjá ilẹ̀, ó kọjá òkun, ó dé Venice, kí ó tó dé ọwọ́ ayàwòrán ní Paris. Nítorí pé òkè òkun ni ó ti wá ni a fi sọ àwọ̀ náà ní ultramarine. Ó wọ́n gan-an, ayàwòrán a sì máa fi í pamọ́ fún ibi pàtàkì bí aṣọ Màríà. Ẹ̀yin tí ìyá yín jẹ́ aláró yóò mọ ohun tí a ń sọ: kì í ṣe gbogbo aṣọ tí ó dúdú ni ó rí ojúlówó ẹ̀lú, ẹni tí ó ń sanwó a sì fẹ́ mọ èyí tí òun ń rà.

Àwọn ènìyàn sábà máa ń rò pé mọ́ńkì ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí nínú yàrá kan ṣoṣo. Nígbà tí a kọ ewé yìí, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ ní Paris. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, wọ́n ní aya àti ọmọ, ọ̀pọ̀ wọn sì ní ṣọ́ọ̀bù ní òpópó Neuve Notre-Dame, ní iwájú Kátídírà ìlú náà. Ẹnìkan a kọ ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn a ya ìtàkùn etí ewé, ẹlòmíràn a ya àwòrán ńlá, ẹlòmíràn a sì dì í.

Ẹni tí ó ra ìwé náà fi àmì tirẹ̀ sí i pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Onímọ̀ kan, Kathryn Rudy, lo ẹ̀rọ tí ń wọn bí nǹkan ti ṣókùnkùn tó, ó fi wọn ìdọ̀tí ìka ọwọ́ ní etí àwọn ìwé àdúrà ilẹ̀ Hóláńdì, ó sì tẹ ohun tí ó rí jáde ní 2010. Ibi tí ìdọ̀tí bá pọ̀ sí ni ẹni náà máa ń ṣí jù. A lè mọ àdúrà tí ó fẹ́ràn, a sì lè mọ èyí tí ó ń fò. Etí ìsàlẹ̀ ewé tiwa dúdú díẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ewé kan kò lè sọ nǹkan kan àfi kí a fi wé ti ewé yòókù, àwọn yẹn ni a kò sì ní.

Ní 1538, Ọba Henry Kẹjọ ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ kí a pa orúkọ Thomas Becket rẹ́ kúrò nínú gbogbo ìwé, bíṣọ́ọ̀bù àgbà tí a pa nínú Kátídírà Canterbury ní 1170. Nínú àwọn Ìwé Wákàtí tí ó wà ní ilẹ̀ náà nígbà yẹn, a lè rí ibi tí a ti fá orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá. Àwọn mìíràn kàn fa ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ kan lé e lórí, tí ojú ṣì lè kà á láìsí wàhálà. Ohun tí ọba wí ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò fi gbogbo ọwọ́ ṣe é.

Báwo wá ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń di ewé kọ̀ọ̀kan? Ogun àti iná ti jẹ nínú wọn. Ní 1798, àwọn ọmọ ogun Faransé kó àwọn ìwé Sistine Chapel ní Róòmù. Púpọ̀ nínú àwòrán tí a gé kúrò nínú wọn dé ọwọ́ oníṣòwò kan, àlùfáà Luigi Celotti, a sì lù wọ́n ní gbàǹjo ní ilé Christie's ní London ní 1825. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dùn wá jù ni pé àwọn tí ó fẹ́ràn ìwé wọ̀nyí gan-an ni ó gé púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ wo Ìwé Wákàtí tí Jean Fouquet ya fún Étienne Chevalier, akápò ọba Faransé, láàrin nǹkan bí ọdún 1452 sí 1460. Ẹnìkan gé àwọn àwòrán inú rẹ̀ láti tà wọ́n bí àwòrán ògiri. A fi ọ̀ṣọ́ bo àwọn ọ̀rọ̀ àdúrà tí ó kù lára wọn kí wọ́n má bàa dà bí ewé ìwé mọ́. Ogójì wà ní Chantilly báyìí. Díẹ̀ fọ́n ká sí Paris, London àti New York. Bí ó ti lẹ́wà tó, kò sí ẹni tí ó lè fi ìwé náà gbàdúrà mọ́.

John Ruskin, ọ̀mọ̀wé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1854 pé òun fi ìrọ̀lẹ́ kan gé ìwé ìsìn, iṣẹ́ náà sì le. Òun náà ni ó ní ìwé Sáàmù kan tí a gbà pé Isabelle, arábìnrin Ọba Louis Kẹsàn-án ti Faransé, ni a ṣe é fún. Ó yọ ewé nínú rẹ̀, ó fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, ó sì fún ilé ẹ̀kọ́ àwòrán rẹ̀ ní Oxford, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun tí ó dára. A ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìdí kan náà ni a fi fẹ́ ra ewé tiwa.

Ní Amẹ́ríkà, Otto Ege, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà ní Cleveland, tí ó kú ní 1951, tú ìwé púpọ̀, ó sì kó ewé 50 láti inú ìwé 50 sínú àpótí kan, ó ṣe irú àpótí bẹ́ẹ̀ 40. Kò fi í pamọ́. Ní 1938 ó kọ àpilẹ̀kọ láti gbèjà ara rẹ̀, pé ó sàn kí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ewé kọ̀ọ̀kan ju kí olówó kan ti odidi ìwé mọ́ inú àpótí lọ.

Ọ̀kan nínú ìwé tí ó bá a lọ́wọ́ títú ni ìwé ìsìn Beauvais, tí a kọ ní ilẹ̀ Faransé ní nǹkan bí ọdún 1290. Ewé 309 ni ó ní. Robert de Hangest, àlùfáà Kátídírà Beauvais nígbà kan rí, tí ó kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá 1356, ni ó fi í ta Kátídírà náà lọ́rẹ, kí wọ́n lè máa rántí òun àti àwọn òbí rẹ̀ lọ́dọọdún ní àyájọ́ ikú rẹ̀. William Randolph Hearst, oníwèé-ìròyìn olówó, rà á ní London ní 1926. Ní 1942 a tà á. Philip Duschnes, oníṣòwò ìwé, àti Ege sì pín in ní ewé kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni ẹ̀bùn Robert ti fọ́n ká. Lisa Fagin Davis, onímọ̀ ìwé àfọwọ́kọ ní Amẹ́ríkà, ti fi ọdún púpọ̀ wá àwọn ewé náà kiri, ó ń to àwòrán wọn jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti rí ju 100 lọ.

A ti rí ìtúnpọ̀ tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú. Àwọn ewé tí Ruskin pín kiri padà sínú ìwé wọn, ìwé náà sì wà ní Fitzwilliam lónìí. Ìwé Wákàtí Catherine ti Cleves, tí a ṣe ní Utrecht ní nǹkan bí ọdún 1440, ni oníṣòwò kan tú ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún méjì sẹ́yìn, tí ó da ewé rẹ̀ rú, tí ó sì dì í sí méjì kí òun lè tà á lẹ́ẹ̀mejì. Ilé ìkàwé Morgan ní New York ra apá kan ní 1963, ó sì ra apá kejì ní 1970.

Nígbà tí a jókòó láti dáhùn lẹ́tà náà, ohùn wa kò kọ́kọ́ ṣọ̀kan. Ọ̀kan nínú wa sọ pé àwọn ọmọ wa kò ní rí Cambridge tàbí Chantilly, púpọ̀ nínú wọn. Pé ewé tí a bá gbé wá ni yóò jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí ojú wọn yóò kàn láyé. Pé ewé náà ti kúrò lára ìwé rẹ̀, kíkọ̀ tí a kọ̀ ọ́ kò sì ní dá a padà. Ọ̀rọ̀ tí ó wúwo ni, a kò sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ege náà kọ́. Ewé kọ̀ọ̀kan tí a bá tú tà lè mú owó wá ju odidi ìwé lọ bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, èrè yẹn ni ó sì ń mú ọ̀bẹ jáde. A ní kí arákùnrin wa bi oníṣòwò náà ní ìbéèrè méjì: nígbà wo ni a gé ewé yìí, níbo sì ni àwọn yòókù wà? Bí ó bá jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí a ti gé e, tí a sì mọ ìtàn rẹ̀, bóyá ìdáhùn wa ìbá yàtọ̀. Èsì tí ó padà wá ni pé òun kò mọ̀.

Nítorí náà, a kò rà á. A bẹ arákùnrin wa kí ó tọrọ àyè láti ya àwòrán ojú méjèèjì ewé náà dáadáa, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ tí ń wá ewé tí ó fọ́n ká, bóyá ẹni tí ó ní ìyókù ẹsẹ 7 yóò rí i. Ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán kan náà ni a gbé kọ́ sí yàrá ìkàwé, ní ìwọ̀n tí ewé náà jẹ́ gan-an, pẹ̀lú ìtumọ̀ Látìnì rẹ̀ tí àwọn ọmọ Kíláàsì Karùn-ún kọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni awọ ewúrẹ́ tí bàbá ọmọ onílù náà fún wa, kí àwọn ọmọ lè fi ọwọ́ kan ibi irun àti ibi ẹran.

Owó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá ni wọ́n gbà kí a fi tún ìwé orúkọ àwọn ọmọ àkọ́kọ́ dì, kí a sì ya àwòrán ojú ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a ti ń ka àwọn ewé náà kí a tó gbé e fún ẹni tí yóò dì í, a rí i pé mẹ́ta kò sí. Ikán kọ́ ni ó jẹ wọn. A fi nǹkan mímú gé wọn ni, bóyá nítorí orúkọ bàbá ẹnìkan wà níbẹ̀, tí ó sì fẹ́ ní in nílé. A kò ní bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà lọ́wọ́ yín, tàbí tí ẹ bá bá a nínú àpótí àwọn òbí yín, ẹ fi í sínú àpò ìwé kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí olùtọ́jú yàrá ìkàwé kí oṣù yìí tó parí, nítorí a ti bẹ ẹni tí yóò di ìwé náà pé kí ó dúró dè wá títí di ìgbà náà.